Bí ẹ ṣe lè rí sọ́fúwíà tó ń to ohùn púpọ̀ pọ̀ nílé láì ná owó gọbọi

Ọmọ mẹ́fà ló ń bá mi gbe ègbè ààlọ́ ní pálọ̀ mi ní Àpáta, n'Ìbàdàn, ní ọ̀sán Sátidé. Èmi ni mò ń pa ààlọ́, Bàbá Ìbejì tó jẹ́ àbúrò ọkọ mi ló ń lu gángan, Táyé ọmọ rẹ̀ ló ń lu agogo. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, máìkì kan la gbé sáàárín, gbogbo wa á sì ṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí a bá gbà ni a gbà. Bí ọmọ kan bá húkọ́ níbi tí Ìjàpá ti ń kọrin, ikọ́ náà ti di ara orin nìyẹn, ẹ ò lè yọ ọ́ láì gé orin fúnra rẹ̀. Ohun tó mú mi wá sọ́fúwíà tó lè to ohùn púpọ̀ pọ̀ nìyẹn: ohùn tèmi lórí ìlà tirẹ̀, gángan lórí ìlà tirẹ̀, ègbè lórí ìlà tirẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan yìí la ń pè ní tráàkì. Bí ẹ bá fẹ́ dín agogo kù, agogo nìkan lẹ máa fọwọ́ kàn.

Àwọn olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akéwì àti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa sọ̀rọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń bi mí pé èló ni irú sọ́fúwíà bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí mò ń lò báyìí, 60 dọ́là ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì san án. Kò yẹ kí ẹ̀yin náà ná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo gbà débẹ̀ dùn mí títí dòní. Ní 2019, ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá mi gbé sọ́fúwíà ńlá kan sórí láptọ́ọ̀pù mi, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ń lò. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló gbà. Wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń lò ó má baà san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ṣe é. Kí ó tó lè ṣiṣẹ́, ó ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì. Mo gbà fún un. Oṣù kan ò pé tí orúkọ gbogbo fáìlì mi fi yí padà, ọ̀kankan ò sì ṣí mọ́. Lára wọn ni ìṣẹ́jú méjìlélógójì tí ìyá ìyá mi fi ki oríkì wa, ọmọ Olúkòyí, láti orí dé ìdí. Màmá ti wọlẹ̀ sùn báyìí. Kò sẹ́ni tó lè kì í bí wọ́n ṣe kì í mọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ bá yín fi irú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé láptọ́ọ̀pù yín kúrò níwájú rẹ̀.

Kí ẹ tó wá sọ́fúwíà kankan, ẹ wo ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀. Lórí Windows, ẹ fi òsì ọwọ́ di bọ́tìnì Windows mú, kí ẹ tẹ Pause. Tàbí kí ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máúsì tẹ Start, kí ẹ mú System. Ẹ ó rí iye RAM níbẹ̀, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ ó sì rí bóyá 64-bit ni, irú èyí tí ọ̀pọ̀ sọ́fúwíà òde òní ń béèrè. HP tòkunbọ̀ ni tèmi, Core i5, RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB nígbà tí mo rà á, ó sì ṣe iṣẹ́ fún mi fún odidi ọdún kan kí n tó sọ ọ́ di 8. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4. Ohun tó máa kọ́kọ́ tán ni àyè inú kọ̀ǹpútà, ìṣirò rẹ̀ ò sì le. Bí ẹ bá ń gba ohùn ní 48 kHz, 24-bit (ìwọ̀n bí ohùn tí a gbà ṣe máa kúnná tó nìyẹn), tráàkì kan máa ń jẹ bíi MB 8.6 ní ìṣẹ́jú kan. Ààlọ́ mi máa ń tó ìṣẹ́jú 12, tráàkì mẹ́rin: MB 415 nìyẹn. Bí ẹ bá wá tún un gbà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti lé ní GB kan àti díẹ̀. Ẹ rí i pé GB 20 ṣófo kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ó wá ku sọ́fúwíà. Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, Audacity ni mo ní kó lọ mú. Ní 1999 ni Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ló sì jẹ́ láti ìgbà náà títí di àkókò yìí tó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Muse Group. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Orí ojú ewé tiwọn gan-an, audacityteam.org, ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe ibi tí ìpolówó bá darí yín sí. Àwọn ojúlé mìíràn wà tó jẹ́ pé bọ́tìnì dáńlóòdù mẹ́ta ló máa wà níbẹ̀, tí méjì á sì jẹ́ ẹ̀tàn.

Nínú Audacity, bí ẹ bá tẹ R, yóò máa gba ohùn sórí tráàkì tó wà nílẹ̀. Bí ẹ bá di Shift mú kí ẹ tó tẹ R, yóò ṣí tráàkì tuntun fún yín. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Wọ́n á tẹ R, ohùn kejì á lọ tò sí ẹ̀yìn ohùn àkọ́kọ́ dípò kó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní sọ́fúwíà náà ò lè ṣe é. Ó lè ṣe é. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 3.2 ti jáde ní 2022, ẹ tún lè fi nǹkan tó ń tún ohùn ṣe sórí tráàkì, kí ẹ máa gbọ́ ọ bí ó ti ń lọ, kí ẹ sì yọ ọ́ bí kò bá dùn mọ́ yín. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ẹ bá ti ṣe é, ó ti wọ inú ohùn lọ nìyẹn, àfi kí ẹ fà á padà lójú ẹsẹ̀.

REAPER ni mò ń lò báyìí. Justin Frankel, ẹni tó ṣe Winamp tí gbogbo wa fi gbọ́ orin ní káfè nígbà kan, ni olórí àwọn tó ṣe é. Ó kéré débi pé ohun tí ẹ máa gbà sórí kọ̀ǹpútà kò tó MB 20, ẹni tó ń ra dátà á mọ ohun tí mò ń wí. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò láì ti ilẹ̀kùn kankan mọ́ yín. Lẹ́yìn náà, 60 dọ́là ni fún ẹni tó ń lò ó nílé àti fún okòwò tí owó tó ń wọlé fún un kò ju 20,000 dọ́là lọ́dún. Àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, 225 ni tiwọn. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́, ó ṣì máa ń ṣí, yóò kàn máa rán yín létí. Ẹ má torí ìyẹn jókòó lé e. Iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni, bí ẹ kò ṣe ní fẹ́ kí wọ́n gbé ohùn yín lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Owó náà fúnra rẹ̀ kọ́ ni wàhálà mi nígbà yẹn o, bí mo ṣe máa san án ni. Ní 2022, 20 dọ́là péré ni báǹkì gbà kí káàdì náírà mi ná lókè òkun lóṣù kan, wọn kì í sì í ta REAPER ní ìdá mẹ́ta. Àbúrò mi tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló bá mi fi káàdì tirẹ̀ san án, mo fi náírà ránṣẹ́ sí ìyá wa fún un. Wọ́n fi fáìlì ìwé àṣẹ kékeré kan ránṣẹ́ sí ímeèlì mi, mo fi í sínú REAPER, ó tán. Ẹ̀dà 6 ni mo rà. Nígbà tí 7 jáde ní 2023, n kò san nǹkan kan, torí owó kan ń gbé èèyàn gba odidi ẹ̀dà méjì. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lókè òkun, ohun tí ẹ lè bẹ̀ wọ́n fún nìyí dípò bàtà.

Àwọn tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Bí Mac ni ẹ ní, GarageBand ti wà nínú rẹ̀, ẹ má wá ibòmíràn lọ. Lórí Linux, Ardour dára gan-an, iye tí agbára yín bá ká ni ẹ sì lè san láti fi gbà á. Waveform Free ti Tracktion kò ní òdiwọ̀n tráàkì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe to ojú rẹ̀ kò bá mi lára mu. Pro Tools Intro, ọ̀fẹ́ ni, tráàkì ohùn mẹ́jọ ló sì gbà. Ó tó fún ààlọ́, kò ní tó fún ẹgbẹ́ akọrin tó bá fẹ́ gba ìlù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. BandLab máa ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n dátà ló ń jẹ. Àwọn ọ̀dọ́ á sì sọ fún yín pé kí ẹ ra FL Studio. Ọ̀gá ni fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà lu ìlù, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú rẹ̀, Fruity Edition, kì í gba ohùn láti máìkì nígbà kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rà á. Mo mọ ẹni tó rà á tán kó tó mọ̀.

Ẹ má mú èyíkéyìí nítorí pé mo yìn ín. Ẹ mú ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú iṣẹ́ tiyín gan-an, kí ẹ fi dán an wò ní ọ̀sán kan. Ẹ gba ohùn kan. Ẹ gba ìkejì bí ẹ ti ń gbọ́ àkọ́kọ́ létí. Ẹ gé ibì kan tó bàjẹ́ kúrò, ẹ fà á padà, ẹ tún un gé. Ẹ dín ohùn kan kù kí òmíràn lè yọ. Ẹ sọ ọ́ di MP3, kí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Èyí tí ẹ bá lè fi ṣe gbogbo èyí kí ilẹ̀ tó ṣú láì sunkún, òun ni tiyín.

Bí ẹ ti ń dán an wò, ohun méjì ló máa fẹ́ mú yín pa sọ́fúwíà náà tì, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ṣe wá.

Àkọ́kọ́, ohùn tó ń pẹ́ kó tó dé. Mo fi hẹ́dífóònù sí Bàbá Ìbejì létí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu gángan, ó lu bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀rọ yín ń sín mi jẹ." Òótọ́ ló sọ. Bó ṣe ń lù ú níta ló tún ń gbọ́ ọ padà létí rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé onílù mìíràn ń tẹ̀ lé e. Ohun tó fà á ni pé sọ́fúwíà kì í gba ohùn lẹ́kán lẹ́kán, ó máa ń bù ú lọ́pọ̀n lọ́pọ̀n, ọpọ́n yẹn ni wọ́n ń pè ní buffer. Bí buffer bá jẹ́ 1024 ní 48 kHz, mílísẹ́kọ́ǹdì 21 ló ń gbà láti kún, ní wíwọlé, yóò tún gba irú rẹ̀ ní jíjáde. Onílù tó mọ iṣẹ́ kò lè fara da ìyẹn. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 128, kò ní tó mílísẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò lágbára á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà pàrà bí àgbàdo nínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbóná.

Ohun tí a ṣe rọrùn ju gbogbo ìyẹn lọ. Gángan kì í ṣe ohun tí onílù nílò hẹ́dífóònù láti gbọ́, ó ń dún ní abẹ́ apá rẹ̀. Mo pa bọ́tìnì tó ń dá ohùn tráàkì náà padà sí i létí, ó wá ku agogo àti ohùn tèmi nìkan tó ń gbọ́. REAPER fúnra rẹ̀ á to ohun tí a gbà sí ipò rẹ̀. Nínú Audacity, ẹ lọ sí Preferences, ẹ wo Audio Settings, ẹ ó rí Latency compensation níbẹ̀, -130 ni wọ́n fi síbẹ̀ láti ilé. Ẹ fi etí hẹ́dífóònù kan ẹnu máìkì, kí ẹ jẹ́ kí agogo tí ẹ ti gbà máa dún, kí ẹ tún un gbà sórí tráàkì mìíràn, kí ẹ fojú wo àlàfo tó wà láàárín agogo méjèèjì. Ẹ yí iye yẹn títí wọn á fi wà lórí ara wọn.

Agogo la máa ń kọ́kọ́ gbà, òun ló ń di àkókò mú fún gbogbo àwọn tó kù. Ẹ lè fi REAPER fa etí ìdá agogo kékeré kan kó máa tún ara rẹ̀ lù títí orin á fi parí. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, n kò ṣe é mọ́. Orin ààlọ́ máa ń yá bí ọ̀rọ̀ ṣe ń le sí i, Táyé mọ ìgbà tó yẹ kó yá, ẹ̀rọ ò mọ̀.

Ìkejì ni ariwo. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa wà lẹ́yìn ògiri gan-an. Nínú Audacity, ẹ máa yan ibi tí kò sí ohùn kankan àfi ariwo náà, ẹ mú Noise Reduction, ẹ ní kó kọ́ ariwo náà mọ̀, lẹ́yìn náà kó yọ ọ́ kúrò lára gbogbo tráàkì. Nínú REAPER, ReaFIR ló ń ṣe é, ẹ fi sí Subtract. Mo kọ́kọ́ lò ó bí ẹni pé mò ń fọ aṣọ, mo sún un dé 24 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó). Ariwo lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní "Ìjàpá wọ ọkọ̀", ìparí ọ̀rọ̀ náà ti nù, àfi "ọk". Ohùn ìsàlẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀ máa ń rọ̀, ó máa ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lú èémí, sọ́fúwíà náà sì rò pé ariwo ni òun náà. Àwọn tó ń sọ èdè mìíràn lè fara da á. Nínú èdè tiwa, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ nìyẹn. Mi ò kọjá 6 dB mọ́, mo sì máa ń fi tìmùtìmù àti aṣọ òkè àtijọ́ dí ògiri yẹn kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Fún ìdí kan náà, ẹ má fi ohun tó ń tọ́ ohùn orin sí ọ̀nà kan ẹni tó ń kọrin Yorùbá láì fi etí ṣọ́ ọ. REAPER ní ReaTune. Ó lè gbé ohùn olórin tó ṣi ẹsẹ̀ padà sí ipò, ó sì lè gbé "ọkọ́" tó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ di "ọkọ̀" tó ń sáré ní títì. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ikọ́ ọmọ tó kọ́kọ́ dà mí láàmú, mo ṣì ń gé e ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Mo máa ń yí kẹ̀kẹ́ máúsì títí ìlà ègbè á fi fẹ̀, ikọ́ á sì yọ bí òkìtì ọ̀gán láàárín pápá. Mo tẹ S ṣáájú rẹ̀, mo tẹ S lẹ́yìn rẹ̀, mo mú èyí tó wà láàárín, mo tẹ Delete. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ihò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yàrá tí èèyàn wà nínú rẹ̀ kì í dákẹ́ pátápátá, etí á mọ̀ pé nǹkan kan ti jábọ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ní kí gbogbo ọmọ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí n gba ìdákẹ́jẹ́ pálọ̀ náà sórí tráàkì. Òun ni mo máa ń gé díẹ̀díẹ̀ láti fi dí ihò.

Bí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀ ní REAPER fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ tẹ àpótí tó ní kó ṣẹ̀dá fóldà fún iṣẹ́ náà, àti èyí tó ní kó kó gbogbo ohùn síbẹ̀. Bí ẹ ò bá ṣe é, ohùn yín á wà káàkiri inú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ tí ẹ bá gbé iṣẹ́ náà lọ síbòmíràn, òfìfo ló máa ṣí. Audacity ti wá rọrùn ní tirẹ̀: láti 3.0, fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́, .aup3 ló ń parí orúkọ rẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta ni mò ń ní báyìí: ọ̀kan nínú láptọ́ọ̀pù, ọ̀kan nínú háádì dísíkì tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọkọ mi, ọ̀kan lórí Google Drive. Ohùn Màmá ló kọ́ mi.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti tò, Ctrl+Alt+R ni a fi ń gbé e jáde ní REAPER. Mo máa ń fi MP3 rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi lórí WhatsApp, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ wa ti ń gbọ́, láti inú sípíkà fóònù tí kò tó èékánná. Mo máa ń gbé e lé orí tábìlì ìdáná, mo á máa gé ẹ̀fọ́. Sátidé tó kọjá, bí mo ṣe dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń dáhùn "Ààlọ̀!", agogo Táyé ti bo ohùn èyí tó kéré jù nínú wọn. Mo nu ọwọ́, mo padà sí pálọ̀, mo dín agogo kù ní 2 dB, mo tún un gbé jáde.